Tí Wàhálà Bá Wọlé, Kí Ló Dé Tí Ẹnì Kan Ń Dì Mọ́ni, Tí Ẹnì Kejì Ń Fà Sẹ́yìn?

Àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ohùn náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé avoidant lọkọ mi ni?" Ẹni tó máa ń fà sẹ́yìn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ti wo fídíò kan lórí TikTok. Obìnrin inú fídíò ka àmì méje, ọkọ àbúrò mi sì ní mẹ́fà nínú wọn. Ohun tó gbé e dé ìdí fídíò náà ni pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà ò sì sọ fún un. Láràárọ̀ ló ń múra, á de táì, á gbé báàgì, á wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Ẹnu aládùúgbò ni ìyàwó ti gbọ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń bi irú ìbéèrè yìí. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, avoidant, anxious (ẹni tẹ́rù ń bà pé wọ́n á fi òun sílẹ̀) àti secure (ẹni tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀) ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń bú ara wọn lórí ayélujára. Ẹni tí kò tètè fèsì, avoidant ni. Ẹni tó pe fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, anxious ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ já ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sílẹ̀ á ní secure lòun, òun ò lè gba ìyà. Ìmọ̀ gidi ló bí àwọn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Kí ni wọ́n ń pè ní attachment yìí gan-an?

A máa ń sọ pé, "Ẹni tí mo fara tì nìyí." Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn gbé wá sọ́kàn ni attachment, nítorí náà ìfaratì ni màá máa pè é. Ẹni ìfaratì rẹ ni ẹni tí ọkàn rẹ kọ́kọ́ sá lọ bá nígbà tí ẹ̀rù bà ọ́, tí ara rẹ ò yá, tàbí tí nǹkan dojú rú. Ọ̀nà ìfaratì, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní attachment style, ni ìṣe tó ti mọ́ọ̀yàn lára nípa bó ṣe ń wá ẹni náà lọ. Ṣé á sún mọ́ ọn, á sọ ohun tó ń ṣe é, ara á sì tù ú? Àbí á dì í mú bíi pé ó fẹ́ sá lọ? Àbí ẹ̀yìn ló máa kọ sí i, á ní kò sí nǹkan kan?

Ẹ wo ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀ gbé lọ sóde ìnáwó. Orí ẹsẹ̀ ìyá ló kọ́kọ́ jókòó sí. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rákò lọ síbi bàtà àwọn àlejò, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyá rẹ̀, ó tún rákò síwájú. Jẹ́ kí onílù sọ ọ̀pá sí awọ lójijì! Kíá ló máa padà sẹ́sẹ̀ ìyá. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti gbéra, ọ̀dọ̀ ìyá náà ló ń sá sí. John Bowlby, dókítà àrùn ọpọlọ ní Ìlú Ọba, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ohun tí ọmọ yìí ń ṣe kì í ṣe àkẹ́jù. Bí ebi ṣe wà lára ẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ ni wíwá ẹni tí a ó sá tọ̀ ṣe wà lára wa, láti ọjọ́ ìbí títí di ọjọ́ ogbó.

Ibi tí inú mi máa ń dùn sí nínú ìtàn náà ni pé Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú rí i dáadáa. Lọ́dún 1954, Mary Ainsworth, tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Uganda. Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ Kampala, ó ń wo ìyá àti ọmọ nínú ìdílé 26. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá gbé àyẹ̀wò kan kalẹ̀ ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Ìyá àti ọmọ á wọ yàrá tí ohun ìṣeré wà, àlejò á wọlé, ìyá á jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì padà. Èèyàn lè rò pé igbe tí ọmọ ń ké nígbà tí ìyá jáde ni wọ́n ń wò. Ìgbà tí ìyá bá padà dé ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan sáré lọ bá a, ó gbé wọn, ó tán, wọ́n padà sídìí eré. Àwọn kan dì mọ́ ọn, síbẹ̀ wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta á, ẹkún ò tán bọ̀rọ̀. Àwọn kan ò tiẹ̀ wo ibi tó wà, wọ́n ń ṣeré lọ bíi pé ẹnikẹ́ni ò wọlé.

Kí wá ló kan àgbàlagbà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́?

Cindy Hazan àti Phillip Shaver, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn. Wọ́n gbé ìwé ìbéèrè kan sínú ìwé ìròyìn ní Denver, wọ́n ní kí àwọn òǹkàwé mú èyí tó bá wọn mu nínú àpèjúwe mẹ́ta nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìfẹ́. Nínú ìdáhùn tó lé ní 600 tí wọ́n yẹ̀ wò, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1987, ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó mú àpèjúwe ẹni tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin mú ti ẹni tó ń fà sẹ́yìn. Àwọn tó kù, bí ìdá kan nínú márùn-ún, mú ti ẹni tẹ́rù ń bà pé olólùfẹ́ òun ò ní dúró.

Ẹ jẹ́ ká fún wọn lórúkọ tí ẹnu wa gbà: afọkànbalẹ̀ (secure), afàsẹ́yìn (avoidant), adìmọ́ (anxious). Àwọn kan tún wà tó ń ṣe méjèèjì pọ̀, wọ́n fẹ́ ẹni tí wọ́n máa fara tì, ẹ̀rù ẹni náà sì ń bà wọ́n.

Àmọ́ o, wọn kì í ṣe ẹ̀yà tí wọ́n pín wa sí bí ìràwọ̀ oṣù ìbí. Ohun méjì ni àwọn onímọ̀ ń wọ̀n: báwo ni ẹ̀rù pé wọ́n á fi mí sílẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára mi, báwo sì ni sísúnmọ́ni ṣe ń ni mí lára tó. Ẹ fi iyọ̀ àti ata inú ọbẹ̀ wò ó. Kò sí ọbẹ̀ tí méjèèjì ò sí níbẹ̀, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ẹnì kan náà sì lè fọkàn balẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó máa fà sẹ́yìn fún ìyàwó rẹ̀. Fídíò tó bá ní àmì méje ló máa tú àṣírí ọkọ yín, ẹ rọra máa wò ó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà wàhálà ló ń hàn?

Òrùlé tó ń jò, ẹ̀ẹ̀rùn kì í tú àṣírí rẹ̀. Bí owó oṣù bá wọlé, tí ara ọmọ yá, tí kò sẹ́ni tó ń sinni lówó, ẹ lè má mọ afàsẹ́yìn yàtọ̀ sí afọkànbalẹ̀. Másùnmáwo ló ń jí ìfaratì, bí ariwo ìlù ṣe jí ti ọmọ òde ìnáwó yẹn.

Jeffry Simpson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán èyí wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1992. Wọ́n pe ọ̀dọ́kùnrin 83 àti ọ̀dọ́bìnrin 83 tó ń fẹ́ra wọn. Wọ́n sọ fún àwọn obìnrin pé wọ́n fẹ́ ṣe ohun kan fún wọn tó ń já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà, wọ́n mú wọn lọ wo yàrá ṣíṣókùnkùn kan tí kò ní fèrèsé, tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, wọ́n wá ní kí wọ́n lọ jókòó dè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́kùnrin wọn. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ìjókòó yẹn ni wọ́n fẹ́, kámẹ́rà sì ti wà nípamọ́.

Àwọn obìnrin afọkànbalẹ̀, bí ẹ̀rù wọn ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń sún mọ́ ọ̀rẹ́kùnrin wọn, tí wọ́n ń sọ ọ́. Àwọn afàsẹ́yìn, bí ẹ̀rù wọn ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń jìnnà. Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin: bí ẹ̀rù obìnrin ṣe ń pọ̀, ni afọkànbalẹ̀ ń tù ú nínú sí i, ni afàsẹ́yìn ń dín ìtùnú kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyẹn. Afàsẹ́yìn kì í ṣe ẹni tí kì í bójú tó èèyàn. Tí wàhálà bá kéré, ó lè ṣe ju ẹlòmíì lọ. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ga jù ló ń pòórá.

Ṣé ẹni tó dákẹ́ ò mọ̀ ọ́n lára ni?

Ó mọ̀ ọ́n lára. Ní 1977, Alan Sroufe àti Everett Waters ròyìn ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ka bí ọkàn àwọn ọmọ ọwọ́ ṣe ń lù nínú àyẹ̀wò Ainsworth. Àwọn ọmọ tí kò wo ojú ìyá, tí wọ́n ń fi ohun ìṣeré ṣeré bíi pé kò kàn wọ́n, ọkàn wọn ń lù kìkìkì.

Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe rí. Lọ́dún tí lándílọ́ọ̀dù fi owó lé owó ilé wa, lálẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà dé, mi ò bá ìyàwó mi sọ gbólóhùn méjì. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ, mo tú jẹnẹrétọ̀, mo yọ plọ́ọ̀gì, mo fi sáńpépà họ ọ́, mo fi epo fọ kábúrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìyàwó mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rí mi á ní ọkàn mi balẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé nọ́ọ̀tì kan já bọ́ sínú koríko, a ò rí i títí dòní.

Ní ti adìmọ́, ẹ fi iná mànàmáná wò ó. Ilé tí iná rẹ̀ ò ṣeé gbára lé, bí "Up NEPA!" bá ti dún, gbogbo ilé ló máa dìde: wọ́n á ki fóònù bọná, wọ́n á lọ aṣọ, wọ́n á fa omi, wọn ò ní sùn. Wọn kì í ṣe olójúkòkòrò. Wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ ni. Ẹni tí ìtùnú ń dé bá lónìí, tí kì í dé lọ́la, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú. Afàsẹ́yìn ni ẹni tó retí iná títí tó sú u, tó lọ ra jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Iná tiẹ̀ lè dé, kò ní mọ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò ní jẹ́ kó gbọ́. Afọkànbalẹ̀ ni ẹni tó wà lórí Band A, tí Band A bá jẹ́ òótọ́. Ó mọ̀ pé iná máa wà lọ́la, ó pa á, ó sùn.

Tí adìmọ́ bá fẹ́ afàsẹ́yìn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ṣàpẹẹrẹ, ká pè wọ́n ní Bàbá Tọ́míwá àti Ìyá Tọ́míwá. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni. Ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ti fò sí nǹkan bíi ₦500. Bàbá Tọ́míwá dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó pa ọkọ̀, ó jókòó sínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé kíṣìnnì. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jáde lọ bá a.

"Bàbá Tọ́míwá, kí lẹ ń ṣe nínú ọkọ̀?"

"Mo ń bọ̀."

"Iléèwé ti fi lẹ́tà owó ránṣẹ́ o. Kí la máa ṣe?"

"Mo ní mo ń bọ̀."

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ẹ ò tiẹ̀ wojú mi láti ọjọ́ Ajé."

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sinmi."

Ọkùnrin wọlé, ó gba yàrá lọ. Obìnrin tẹ̀ lé e. Ọkùnrin wọ balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ń rojọ́, ọkùnrin ń gbọ́ ọ láti inú balùwẹ̀, ó sì pinnu pé òun ò ní jáde mọ́.

Ẹ wo ibi tí owó iléèwé wọlé sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní gbólóhùn kẹta obìnrin, ó ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ohun tó wá ń bà á lẹ́rù ni pé ọkọ òun ti ń kúrò lọ́dọ̀ òun. Ohun tó ń ni ọkùnrin lára ni pé wọn ò jẹ́ kóun mí. Bí ọ̀kan bá ṣe ń lé, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń sá. Bó ṣe ń sá náà ni wọ́n ń lé e sí i. Epo ló gbówó lórí, àwọn ló di ìṣòro ara wọn.

Òkè òkun ò yọ èyí kúrò, ńṣe ló ń fi kún un. Ní oṣù kẹta 2024, ìjọba Ìlú Ọba ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nígbà náà má mú ọkọ tàbí aya dání mọ́; láti ìgbà yẹn, àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí ẹnìkejì wọn wà ní Òṣogbo. Afàsẹ́yìn tó ti iṣẹ́ òru dé á pa fóònù, á sùn. Adìmọ́ tó wà nílé á máa ka wákàtí tí WhatsApp ní ó rí i gbẹ̀yìn.

Wàhálà ta ni: tèmi, tìrẹ, àbí tiwa?

Guy Bodenmann ní yunifásítì Zurich, ní Switzerland, ti lo iṣẹ́ ayé rẹ̀ lórí ìbéèrè yìí. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ìta ni ọ̀pọ̀ másùnmáwo ti ń wá: ibi iṣẹ́, gósíló, àwọn ẹbí. Ṣùgbọ́n ó máa ń ro wọlé bí omi òjò, á sì di ìjà tí kò jọ ohun tó fà á. Nítorí náà, ohun tó ń wò ni ohun tí tọkọtaya ń ṣe láàárín àkókò tí ẹnì kan fi hàn pé nǹkan ń ṣe òun àti ìgbà tí ẹnìkejì fèsì.

Èsì lè jẹ́ ìtùnú tàbí ìmọ̀ràn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jọ gbé e, wọ́n mú bírò àti ìwé, wọ́n ń ṣírò. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan bá ẹnìkejì gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́: "Èmi ni màá máa lọ mú Tọ́míwá níléèwé lọ́sẹ̀ yìí." Èsì tó ń bani jẹ́ náà wà. Ọ̀kan ni ẹ̀gàn: "Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, o ò gbọ́." Òmíràn ni ìrànwọ́ tí wọ́n ń fi ìkanra ṣe. Èyí tí mo rò pé ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni "Ọlọ́run á ṣe é" tí wọ́n sọ láìgbójú sókè nínú fóònù. Àdúrà ò burú o. Àmọ́ nígbà míì, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń tì mọ́ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìtùnú gidi kì í dúró lórí ahọ́n. Ní 2006, James Coan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi obìnrin abilékọ 16 sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sọ fún wọn pé iná lè gbé wọn díẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí obìnrin bá di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, àwọn ibi tí ewu ń ta jí nínú ọpọlọ rẹ̀ rọlẹ̀ ju ìgbà tó bá di ọwọ́ àlejò mú tàbí tí kò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Lára àwọn tí ìgbéyàwó wọn dùn jù ló sì ti rọlẹ̀ jù.

Kí ló ń ran ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́?

Ohun kan náà kọ́ ló ń ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn ti ń kùnà. Simpson àti Nickola Overall ní New Zealand ti kọ púpọ̀ lórí bí ọkọ tàbí aya ṣe lè pẹ̀rọ̀ sí ẹ̀rù ẹnìkejì rẹ̀.

Adìmọ́ ń fẹ́ ìdánilójú tó ṣe kedere, kó sì dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. "Mo ń bọ̀" ò tó o, kò ní ìgbà. "Orí mi gbóná, jẹ́ kí n jókòó ìṣẹ́jú ogún, lẹ́yìn náà ká jọ wo lẹ́tà iléèwé" á pa iná ìjà náà, nítorí ó ti mọ ìgbà tí iná máa padà dé. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú ogún o.

Ìbéèrè mẹ́ta léra wọn máa ń dà bí ọlọ́pàá sí afàsẹ́yìn. Má dúró sí ẹnu ọ̀nà, má fipá mú un sunkún. Sọ ohun tó ń ṣe tó dára, kó mọ̀ pé o rí i. Béèrè ohun tí ẹ lè ṣe kó o tó béèrè bó ṣe ń ṣe é. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìdojúkọ. Ìyàwó mi tó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lọ́wọ́ nídìí jẹnẹrétọ̀ kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n ìdí plọ́ọ̀gì yẹn ni mo ti sọ fún un nígbà tó yá pé mi ò mọ ibi tí owó ilé ti máa wá.

Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa ló fà á, ṣé ó sì ṣeé yí padà?

Ìgbà èwe wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe kádàrá. Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá. Ní 1977, àwọn onímọ̀ kan tẹ èsì ìwádìí wọn láàárín àwọn Hausa ní Nàìjíríà jáde: àwọn ọmọ ọwọ́ ibẹ̀ fara ti àgbàlagbà tó ju ẹyọ kan lọ, torí agboolé ló ń tọ́ wọn. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ pọ̀n mọ bó ṣe rí. Nígbà àgbà, ọkọ tàbí aya tó ṣeé gbára lé fún ọdún púpọ̀ lè sọ adìmọ́ di ẹni tó ń sùn dáadáa, ikú, ìyapa tàbí ẹ̀tàn sì lè ba afọkànbalẹ̀ jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́ ni ìfaratì fà. Wọ́n ti sọ fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún, ìtìjú lásán sì lè ti ẹnu pa. Ẹni tó ń luni, tó ń gba owó oṣù ẹni, tó ń fi ẹ̀rù ṣàkóso ilé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kúrò ní adìmọ́ tàbí afàsẹ́yìn. Ewu nìyẹn, èèyàn á kọ́kọ́ dóòlà ẹ̀mí ara rẹ̀ ná.

Mi ò bá àbúrò mi fún ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Mo kàn ní kó má tíì dúró bi í léèrè nínú pálọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin náà ń fọ ọkọ̀, òun náà mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní táyà ẹ̀yìn ni wọ́n ti fọ̀ dé kó tó la ẹnu. Ibi tó ń lọ láràárọ̀ ló kọ́kọ́ sọ: ọgbà ilé ìkàwé kan, lábẹ́ igi máńgòrò, láàárín àwọn ọmọ tó ń kàwé ìdánwò.